Ǹjẹ́ 4,294,967,297 jẹ́ nọ́ńbà prime, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló lè pín in láìṣẹ́kù?

Rárá, kì í ṣe prime, torí pé 641 pín in láìṣẹ́kù, ó sì fún wa ní 6,700,417.

Ẹ lè fi bírò yẹ̀ ẹ́ wò. 6,700,417 lọ́nà 600 jẹ́ 4,020,250,200. Lọ́nà 40, ó jẹ́ 268,016,680. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá fi 6,700,417 kan péré kún un, òun gan-an ló máa jáde.

Tí a bá kọ 2 lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n, tí a sọ gbogbo wọn di púpọ̀, tí a fi 1 kún un, nọ́ńbà yìí la máa rí. Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, gbà pé prime ni, torí pé 3, 5, 17, 257 àti 65,537, tí a máa rí lọ́nà kan náà tí a bá kọ 2 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀mẹjọ àti lẹ́ẹ̀mẹrìndínlógún, prime ni gbogbo wọn. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, ló fi hàn ní 1732 pé kì í ṣe prime. Ọ̀nà tó yá láti gbà rí 641 wà, ó sì dára púpọ̀: prime yòówù tó bá máa pín nọ́ńbà yìí, tí a bá fi 64 pín òun fúnra rẹ̀, 1 gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. 193, 257, 449 àti 577 nìkan ni irú prime bẹ́ẹ̀ tó ṣáájú 641.

6,700,417 náà jẹ́ prime, nítorí náà yàtọ̀ sí 1 àti nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀, àwọn méjì yìí nìkan ló lè pín in.