Bí èèyàn bá da ohun àtijọ́ méjì pọ̀, ṣé ó lè gba páténtì?

Ẹ ní ẹnì kan sọ fún yín pé bí gbogbo ohun tó para pọ̀ di iṣẹ́ kan bá ti wà tẹ́lẹ̀, òfin Amẹ́ríkà kò ní fún ẹni tó ṣe é ní páténtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún olùhùmọ̀ kí ẹlòmíràn má bàa lo iṣẹ́ rẹ̀ láìgba àṣẹ, "torí pé kò sóhun tuntun lábẹ́ oòrùn." Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ èyí. Oníwàásù ló sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe adájọ́. Kí lẹni tó ń hùmọ̀ nǹkan fẹ́ fi ṣiṣẹ́ bí kò bá lo ohun tó ti wà?

Ìbéèrè tó wà ńbẹ̀ ni pé: oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ṣé ó máa rí ìdí láti dà wọ́n pọ̀ lásìkò yẹn, kó sì gbà pé yóò ṣiṣẹ́? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kò sí páténtì.

Ẹjọ́ bátìrì tí Adams hùmọ̀, 1966, ni mo máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ kà. Magnesium (irin fífúyẹ́ kan) lápá kan, cuprous chloride (èròjà kan tó ní bàbà nínú) lápá kejì. Gbígbẹ ni bátìrì náà wà títí wọn yóò fi da omi sí i; omi lásán tàbí omi iyọ̀, kò kọ ọ̀kankan. Kò sí èyí tí àwọn onímọ̀ kò mọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọ̀hún gan-an ló ń lé wọn sẹ́yìn: wọ́n gbà pé bátìrì tí kò ṣeé dá dúró, tó sì ń gbóná, kò wúlò. Àwọn ọ̀mọ̀ràn iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà wò ó, wọn ò gbà pé yóò ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láìsọ fún Adams. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ni ohùn bá yí padà: wọ́n ní ohun tí oníṣẹ́ èyíkéyìí lè ronú kàn ni! Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá Adams láre.

Ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ KSR, 2007, kò le tó bẹ́ẹ̀. Tọ́túrù ọkọ̀ (ibi tí awakọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) tó ṣeé sún síwá sẹ́yìn ni wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ sí, ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó. Kọ̀ǹpútà ti ń darí ẹ́ńjìnnì nígbà yẹn, ìdí láti so wọ́n pọ̀ hàn kedere. Páténtì náà ṣubú. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní oníṣẹ́ ní làákàyè tirẹ̀, kò dìgbà tí ìwé kan bá kọ ọ́ pé kó so eléyìí mọ́ tọ̀hún.

Ó dùn mí pé KSR nìkan ló kù lẹ́nu àwọn ọmọ òde òní. Bẹ́ẹ̀, inú ìdájọ́ KSR náà ni wọ́n ti mẹ́nu ba Adams. Ẹ padà lọ bá ẹni tó sọ̀rọ̀ fún yín, kó sọ ohun tí ì bá mú oníṣẹ́ da nǹkan méjèèjì pọ̀ kó tó di pé ẹlòmíràn ṣe é tán.