Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bàbà Inú Irin Àlòkù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, mẹkáníìkì ni mí ní Ọ̀fà. Kí ló dé tí ẹni tó ń ra irin àlòkù lọ́wọ́ mi fi ní kí n yọ wáyà kúrò nínú sítáátà kí ó tó wọ̀n ọ́n?

Ìdáhùn: Kò rẹ́ yín jẹ, bàbà ni wáyà inú sítáátà, owó bàbà kúkú ju ti irin lọ. Nínú ìléru tí wọ́n ti ń fi iná mànàmáná yọ́ irin àlòkù, níbi tí ooru ti tó nǹkan bí 1,600°C, ọ̀pọ̀ ìdọ̀tí a máa di ìdàrọ́ (pàǹtí tó máa ń léfòó lórí irin yíyọ́), ṣùgbọ́n bàbà kì í bá a jáde. Inú irin ni yóò dúró sí, tí yóò sì mú kí ojú irin náà sán nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ ní gbígbóná di ọ̀pá ìkọ́lé. Ẹ má sì kó sílíńdà gáàsì tí ẹnu rẹ̀ dí mọ́ ọn, nítorí ó lè bú gbàmù nínú ìléru.