Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò gbọ́ oògùn: ẹ̀yin nìkan kọ́

Ẹ̀gbọ́n tó ní oògùn mẹ́ta lòun ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò sì wálẹ̀, tó ń béèrè bóyá òun nìkan ni: a pọ̀ o. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń gbàtọ́jú, ó tó ẹnì kan sí méjì tí wọ́n ń pè ní aláìgbóògùn. Ìyẹn ni pé wọ́n ń lo oríṣi mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, tí ọ̀kan jẹ́ èyí tó ń mú ni tọ̀, ní ìwọ̀n tó pé, síbẹ̀ tí kò wá sí ìsàlẹ̀ 130/80. Ẹni tó jẹ́ pé oògùn mẹ́rin ló tó rọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú náà wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni tiwọn le tó bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì ń fo oògùn, ẹlòmíì sì jẹ́ pé bó bá ti rí dókítà ni àyà rẹ̀ ń já, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì ru sókè nígbà náà. Èmi, apá mi tóbi. Aṣọ kékeré tí wọ́n ń wé mọ́ apá gbogbo èèyàn ni wọ́n ń wé mọ́ tèmi, á fún mi bí ẹni fẹ́ já a. Nọ́ọ̀sì kan wò ó títí, ó lọ mú èyí tó fẹ̀ wá, ó ní kí n fẹ̀yìn ti àga, kí n fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí n pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Nọ́ńbà òkè mi kúrò ní 172, ó di 158.

158 ṣì ga, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn tù yín nínú. Ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò lọ bá dókítà, títí kan ti ara ríro. Ibuprofen àti diclofenac ń dá iyọ̀ àti omi dúró sára, wọ́n á sì máa ba iṣẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́. Ẹ má dá èyíkéyìí dúró fúnra yín o.

Tèmi wá láti ara aldosterone, ohun tí ẹṣẹ́ kékeré orí kíndìnrín ń tú jáde tó ń mú kí ara gbá iyọ̀ mọ́ra. Pòtásíọ̀mù, ìyẹn èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ mi, tó ń lọ sílẹ̀ ló jẹ́ kí dókítà fura. Spironolactone, oògùn tó ń dí aldosterone lọ́wọ́, ni wọ́n fi kún un. Òun náà ló borí bisoprolol àti doxazosin, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì mìíràn, nínú ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní PATHWAY-2 lọ́dún 2015. Ọmú ọkùnrin lè wú nídìí rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí kíndìnrín. Ẹ ní kí wọ́n yẹ aldosterone yín wò, àti renin, ohun tí kíndìnrín ń tú jáde tó ń darí aldosterone. Tẹ́ ẹ bá ń hanrun tí èémí yín ń dúró lójú oorun, ẹ sọ ìyẹn náà fún wọn, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru.