Ìbàdàn ni wá, kí ló dé tí wọ́n fi ń kì wá ní ọmọ Oníkòyí?

Ìbéèrè yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń wádìí ìran wọn. Bàbá ní Ìbàdàn ni ilé àwọn, ìwé ìjọba ìbílẹ̀ náà sì sọ bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà láàárọ̀, "ọmọ Oníkòyí" ni ìyá á máa pè é. Ṣé ìyá ti ṣìnà ni, àbí bàbá ló ń fi nǹkan pamọ́?

Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ìlú ni bàbá ń sọ, orílẹ̀ ni ìyá ń kì.

Lóde òní, tí a bá ti gbọ́ "orílẹ̀", orílẹ̀-èdè ló ń wá sí wa lọ́kàn. Nínú oríkì, ibi tí ìdílé baba ẹni ti ṣẹ̀ ni, ibi tí wọ́n jọ wà kí wọ́n tó fọ́n ká. Ó lè jẹ́ pé kò sí ẹnì kan nínú ẹbí tó tẹ ibẹ̀ láti igba ọdún, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé igbó ni ibẹ̀ báyìí. Ẹ wo Orílé-Òwu, Orílé-Igbọ́n àti Orílé-Ìjàyè: "orílé" tó ṣíwájú orúkọ wọ̀nyí ń sọ fún wa pé ìlú ti wà níbẹ̀ rí, pé ogun tú u, pé ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ ló wà níbòmíràn.

Ọba ńlá ni Oníkòyí láyé Ọ̀yọ́ Ilé. Òun ni àgbà àwọn ọba ẹkùn Òsì, ọ̀kan lára àwọn ẹkùn ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí ogun Ìlọrin ń tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ìkòyí bá a lọ, nígbà tó sì fi máa tó nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́ Ilé alára ti dahoro. Gúúsù ni ọ̀pọ̀ èèyàn forí lé: Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó, Òṣogbo, àti Ìbàdàn tó jẹ́ àgọ́ ogun ní nǹkan bí 1829. Ẹni tó ń sá fógun ò lè gbé ilé dání, ṣùgbọ́n oríkì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ilé Oníkòyí ní ìlú bíi mẹ́wàá tí kò jọ ní ọba kan náà, tí wọ́n sì jọ ń kì ara wọn bákan náà.

Ẹ tẹ́tí sí gbólóhùn kan péré nínú oríkì yẹn: ọmọ ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú ni wọ́n fi í gbọgbẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ni akọni ogun. Ẹni tí ọfà bà lẹ́yìn, ó ti kọ̀yìn sógun nìyẹn. Iṣẹ́ ìdílé, èèwọ̀ rẹ̀ àti ohun tó ń tì wọ́n lójú ti wà nínú gbólóhùn kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ fún ọmọ Ọlọ́fà pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kùmásí ní Gánà, tí kò mọ Ọ̀fà rí, ó ti mọ̀ pé ilé oníjàkadì ni òun ti wá.

Àwọn kan máa ń sáré lọ bá baálé tàbí mọ́gàjí láti gba oríkì. Wọ́n lè mọ ìtàn oyè àti ilẹ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ilé ni oríkì wà. Ìyàwó kì í fi orúkọ pe ọmọ ọkọ, oríkì ló fi ń kí i láàárọ̀ àti lálẹ́, torí náà ìyàwó àgbà tó ti pẹ́ nílé ti mọ̀ ọ́n sórí. Àwọn ọmọ-oṣù, àwọn ọmọbìnrin ilé tó ti lọ ilé ọkọ, náà mọ̀ ọ́n, pàápàá àwọn tó ń sun ún níbi ìsìnkú. Ẹ má ní kí màmá kà á fún yín bí ẹni ń ka ìwé. Ẹ mú ọmọ kan wá síwájú wọn, kí wọ́n máa kì í, kí fóònù máa gba ohùn wọn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ẹ bá dá wọn dúró láti béèrè ìtumọ̀, wọ́n á sọnù láàárín ọ̀rọ̀, apá tó kù lè má jáde mọ́. Tí wọ́n bá parí ni kí ẹ béèrè. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹlòmíràn tó ń kì orílẹ̀ kan náà ní ìlú mìíràn. Ibi tí ẹnu àwọn méjèèjì ti kò ló sábà máa ń jẹ́ ògbólógbòó inú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o: wọ́n tún ń fi orílẹ̀ ìyá kì ẹni. Bí ẹ bá gbọ́ "ọmọ Oníkòyí" àti "ọmọ Ọlọ́fà" lórí ẹnì kan náà, ẹ béèrè èwo ni ti baba. Ọ̀pọ̀ ló ti tọ ipa ìyá lọ, tí wọ́n rò pé ti baba ni.

Orúkọ agboolé náà ń ṣini lọ́nà. Ní Ìbàdàn, orúkọ jagunjagun tó tẹ ilé dó ló sábà máa ń wà lára rẹ̀. Lábẹ́ irú Ògúnmọ́lá, èèyàn láti oríṣiríṣi ìlú ló kóra jọ, kálukú pẹ̀lú orílẹ̀ tirẹ̀. Abẹ́òkúta yàtọ̀. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá débẹ̀ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan tó tú tẹ̀dó pọ̀, ó sì mú orúkọ rẹ̀ dání: Aké, Ìkìjà, Ìlugùn, Ìporò, Ìjẹùn. Níbẹ̀, àdúgbò gan-an á sọ ibi tí ẹ ti wá.

Èyí tó ń ba ìtàn ẹbí jẹ́ jù ni iye ìran. Ẹ máa gbọ́ pé, "Bàbá bàbá wa ló kúrò ní Ìkòyí." Ẹ ṣírò ó. Ká ní wọ́n bí yín ní 1990, bàbá yín ní 1955, bàbá wọn ní 1920. Ní 1920, Ìkòyí ti tú láti ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún. Tí ẹ bá fi ọdún 30 sí ìran kọ̀ọ̀kan, 1890, 1860, 1830: ẹni kẹta lókè bàbá àgbà yín ni ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń sá. "Bàbá" inú ìtàn, baba ńlá ni. Ẹ wá àwọn orúkọ tó fò. Tí Abíọ́nà bá wà láàárín wọn, ẹ béèrè ọ̀nà wo ni wọ́n bí i sí.

Ẹ má béèrè ọdún lọ́wọ́ àgbà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Ṣé bàbá ti dé Òṣogbo kí rélùwéè tó dé ibẹ̀ ní 1907? Ṣé wọ́n ti bí ẹ̀gbọ́n kí wọ́n tó lé wọn ní Gánà? Oṣù kọkànlá 1969 nìyẹn, nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀fà, Ìnísà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní ẹni tó fi ilé àti ọjà sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ìyẹn náà sì yẹ kó wọ inú ìtàn kí àwọn tó ṣojú wọn tó lọ tán.

Ilà ojú kò tó ẹ̀rí. Ẹni tó ṣí wá lè kọ ilà ìlú tó dé. Èèwọ̀ àti òrìṣà ìdílé lágbára jù ú lọ. Tí wọ́n bá sì kàn sọ fún yín pé "Ifẹ̀ la ti wá", ẹ béèrè ìlú tó wà láàárín. Gbogbo wa ló ń sọ ti Ifẹ̀. Níbi tí ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí oyè bá wà, ẹ gbọ́ ẹnu ìhà méjèèjì. Ẹ má sì béèrè ní gbangba bóyá ẹrú tàbí ìwọ̀fà ni ẹnì kan fi wọ agboolé. Ẹni tó wọ ilé, tó gba oríkì ilé, ọmọ ilé ni, ẹnikẹ́ni kì í tú u fọ́.

Nítorí náà, ẹ máa kọ Ìbàdàn sí ìwé ìjọba, kí ìyá àgbà máa kì yín ní Oníkòyí. Bí ẹ bá fẹ́ fojú rí ibẹ̀, Ìkòyí-Ilé wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríire, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.