Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Mo Lè Bá Wọn Tọ́ Oúnjẹ Apá Gúúsù Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà Wò?

Ìbéèrè: Asalaamu alaykum, Àáfà wa. Atlanta ni mo ń gbé. Ibi iṣẹ́ mi fẹ́ kó wa lọ sí Charleston, ní South Carolina. Amọ̀nà kan ni yóò mú wa fẹsẹ̀ rìn láti ilé oúnjẹ kan dé òmíràn, tí a ó máa tọ́ oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn wò. Ọ̀rẹ́ mi ní kò séwu, pé kí n ṣáà máa ṣa ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kúrò nínú ẹ̀fọ́. Mo tiẹ̀ ti jẹ irú ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀ rí kí n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí ni ìdájọ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam, arábìnrin mi. Ìrìn náà kò léèwọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ni mi ò fara mọ́.

Ẹ̀fọ́ collard tí wọ́n máa bù fún yín, egungun ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti fi èéfín yan ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé kaná, kí ewé tó wọ ìkòkò. Ẹ lè má rí ẹran kankan nínú àwo, ṣùgbọ́n ọ̀rá rẹ̀ á máa dán lójú omi ọbẹ̀. Kí lẹ fẹ́ ṣà níbẹ̀? Bákan náà ni Hoppin' John, ẹ̀wà tí wọ́n sè mọ́ ìrẹsì, àti ìrẹsì pupa wọn tó jọ jọ̀lọ́ọ̀fù tiwa: bacon, ìyẹn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, sábà máa ń wà nínú wọn. Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́dẹ̀ ní èèwọ̀ nínú Suuratul Maa'idah, aaya 3, àwọn onímímọ̀ sì fohùn ṣọ̀kan pé ọ̀rá rẹ̀ kò yọ sílẹ̀.

Ní ti edé àti akàn, aaya 96 nínú suura kan náà ti tú wa sílẹ̀, pàápàá àwa tí a ń tọ ọ̀nà Imaamu Maalik. Àmọ́ ẹ wo ohun tó bá wọn rìn. Wọ́n máa ń wọ́n bacon sórí edé tí wọ́n fi jẹ grits, ẹ̀kọ àgbàdo wọn. Ọbẹ̀ akàn wọn, she-crab soup, ọtí sherry ló ń gbé e dìde. Bí ẹnikẹ́ni bá ní iná ti jó ọtí náà dànù, orí tábìlì ni àwọn mìíràn ti ń dà á sí i. Iná wo ló wà níbẹ̀?

Adìẹ díndín ní àríyànjiyàn. Aaya 5 gbà wá láyè láti jẹ ohun tí àwọn tí a fún ní Tírà, ìyẹn àwọn Júù àti Kìrìsìtẹ́nì, pa, àwọn onímímọ̀ kan sì rí i pé ẹran ọjà Amẹ́ríkà wọ inú rẹ̀. Àwọn mìíràn kọ̀. Lójú tèmi, ẹ fi sílẹ̀ níbi tí òróró kan náà bá ti ń din ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹ pe àwọn tó ń mú yín kiri ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀?" torí wọ́n á ní kò sí, nítorí wọn kò ka ọ̀rá kún ẹran. Ẹ bi wọ́n pé: "Kí lẹ fi sè é, kí lẹ fi dín in?" Ẹpà tí wọ́n fi omi iyọ̀ sè àti bísíkíìtì benne, ìyẹn yànmọ̀tí, sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n náà.

Ẹ má sì rò pé oúnjẹ àjèjì ni. Àwọn ẹrú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló kó ọgbọ́n ilá, ẹ̀wà àti ìrẹsì dé ibẹ̀, Mùsùlùmí sì wà nínú wọn. Charleston ni ọkọ̀ já Omar ibn Said, ọ̀kan lára wọn, sí ní 1807. Ó fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ ní 1831. Ní erékùṣù Sapelo, ní Georgia, àwọn àgbàlagbà ṣì ń rántí àkàrà sàráà ní àwọn ọdún 1930: ìrẹsì tí wọ́n rẹ mọ́jú, tí wọ́n gún lódó, tí wọ́n fi oyin pò.

Èyí tí ẹ jẹ láìmọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn yín, Suuratul Ahzaab aaya 5 ti sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí kàfárà níbẹ̀. Ní ti ìrun kíkí lójú ìrìn-àjò, bí ẹ kò bá gbèrò láti lo ọjọ́ mẹ́rin ní Charleston, ẹ gé Ayilá, Alaasari àti Ìṣáì sí rakah méjì méjì; ọ̀nà yẹn jìn tó bẹ́ẹ̀.