Kí ló dé tí láptọ́ọ̀pù mi kò fi rí hotspot fóònù mi, tí fóònù ẹlòmíràn sì ń rí i?

Ó ṣeé ṣe jù pé 5 GHz (ọ̀kan nínú àwọn ìgbì tí Wi-Fi ń gbà, 2.4 GHz ni òmíràn) ni fóònù náà fi ń tan hotspot rẹ̀, tí káàdì Wi-Fi inú láptọ́ọ̀pù yín kò sì gbọ́ ju 2.4 GHz lọ. Ẹ yí hotspot sí 2.4 GHz, yóò jáde.

Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí ibi hotspot, kí ẹ wá Band kí ẹ yan 2.4 GHz, tàbí kí ẹ tan Extend compatibility. Orúkọ rẹ̀ kì í dọ́gba lórí gbogbo fóònù. Lórí iPhone 12 sókè, Maximize Compatibility ni ẹ máa tàn lábẹ́ Personal Hotspot.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ ṣí Command Prompt (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) lórí Windows, kí ẹ tẹ netsh wlan show drivers. Ẹ wo ìlà Radio types supported, ibẹ̀ ni orúkọ àwọn irú Wi-Fi tí káàdì náà ń gbọ́ wà. Bó bá jẹ́ 802.11b, 802.11g àti 802.11n nìkan ló wà níbẹ̀, 2.4 GHz nìkan ni káàdì náà ń gbọ́. Bí ẹ bá rí 802.11a tàbí 802.11ac, ibòmíràn ni ẹ̀bi wà.

2.4 GHz kì í yára tó 5 GHz, àmọ́ ó ń la ògiri kọjá jù ú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ 5 GHz dandan lè ra adapter Wi-Fi tí wọ́n ń kì bọ ojú USB. Èyí kò tó ohun tí à ń torí ẹ̀ pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù.

Tí láptọ́ọ̀pù kò bá rí Wi-Fi kankan rárá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ẹ wò ó bóyá Airplane mode ló wà ní títàn.