Kí ni D inú DNA àti R inú RNA ń sọ?

Ẹnìkan béèrè ohun tí D àti R dúró fún nínú DNA àti RNA, àwọn èròjà gígùn bí okùn tó ń gbé ìsọfúnni àbímọ́ni. Ó tún fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé ìyàtọ̀ wọn kò ju pé okùn méjì ni DNA, okùn kan ni RNA.

Ìdáhùn ìbéèrè kejì wà nínú ti àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ okùn méjì àti okùn kan yìí ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu gbogbo èèyàn, bẹ́ẹ̀ kò dúró ṣinṣin. Rotavirus, kòkòrò àrùn tó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún àwọn ọmọdé, okùn méjì ni RNA tirẹ̀. Kòkòrò àrùn míì, parvovirus, náà wà, DNA tirẹ̀ sì jẹ́ okùn kan ṣoṣo. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó yí orúkọ wọn padà, nítorí pé ṣúgà ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ.

R dúró fún ribose, D dúró fún deoxyribose. Onímọ̀ kẹ́místrì kan, Phoebus Levene, ló dá àwọn ṣúgà méjèèjì mọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, ti ribose ní 1909, ti deoxyribose ní 1929. Kábọ́ọ̀nù márùn-ún ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi nọ́ńbà sí wọn lára láti ìkíní dé ìkarùn-ún. Kábọ́ọ̀nù kejì ni kí ẹ tẹjú mọ́. Lára ribose, ọ́síjìn kan wà níbẹ̀ tó di háídrójìn kan mú. Lára deoxyribose, háídrójìn nìkan ló kù, ọ́síjìn ti kúrò, ohun tí “deoxy” sì ń wí gan-an nìyẹn. Kò sí ìyàtọ̀ mìíràn láàárín ṣúgà méjèèjì.

Ẹ má fojú kékeré wo ọ́síjìn kan yẹn o. Ẹ̀gbẹ́ fọ́sífétì tó so ṣúgà kan mọ́ èkejì ló wà, bí wọ́n bá sì da álíkálì sí RNA, ọ́síjìn náà á kọlu fọ́sífétì, okùn á já. DNA kò ní ohun tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi lè ka DNA inú ehín mammoth (erin onírun ayé àtijọ́) láti Síbéríà ní 2021, ehín tó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún, nígbà tó jẹ́ pé àwọn RNA kan kì í lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ nínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó ń fi RNA ṣiṣẹ́ kì í bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, torí pé ẹ́ńsáìmù kan (èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà yá) wà lára awọ èèyàn tó máa ń gé RNA wẹ́wẹ́. Ọ́síjìn yìí kan náà ló ń lò láti fi gé e.

Lẹ́tà ni ìyàtọ̀ kejì, ìyẹn àwọn èròjà kéékèèké tó so mọ́ ṣúgà lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n ń fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pè. A, G àti C wà nínú méjèèjì. Ẹ̀kẹrin jẹ́ T nínú DNA, ó jẹ́ U nínú RNA. T kì í ṣe nǹkan mìíràn ju U tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù kan àti háídrójìn mẹ́ta rọ́pò háídrójìn rẹ̀ kan lọ. Èrè wo ló wà níbẹ̀? Èmi fẹ́ràn apá yìí jù. C máa ń ṣàdédé bàjẹ́ nínú omi, tó bá sì bàjẹ́, U ló ń dà. Ká ní U jẹ́ ojúlówó lẹ́tà DNA ni, báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe máa mọ èyí tó bàjẹ́ yàtọ̀? Nígbà tó jẹ́ T ló wà níbẹ̀, U èyíkéyìí tí ẹ́ńsáìmù bá bá nínú DNA, àṣìṣe ni, yóò sì yọ ọ́ dànù. RNA kì í pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀, kí wá ni wàhálà àtúnṣe fún?

Ó wá ku okùn. Okùn méjì DNA kọjú síra wọn lódìlódì, A mú T, G mú C, wọ́n sì lọ́ bí àkàsọ̀ tí wọ́n fún, bí ìdábùú mẹ́wàá sí ìyípo kan. RNA tó jẹ́ okùn kan kì í nà gbọọrọ lásán: ó máa ń ká padà sórí ara rẹ̀, A á mú U, G á mú C, nígbà mìíràn pàápàá G á mú U. Àwọn RNA tó ń gbé amino acid (ohun tí wọ́n fi ń kọ́ purotéènì) lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ purotéènì, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ bíi lẹ́tà 76 sí 90, máa ń ká títí wọ́n á fi dà bíi lẹ́tà L. Robert Holley ló kọ́kọ́ ka lẹ́tà ọ̀kan nínú wọn tán, láti inú ìwúkàrà, ní 1965.

Bí RNA ṣe lè ká báyìí ló jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ bí ẹ́ńsáìmù. Thomas Cech àti Sidney Altman gba ẹ̀bùn Nobel ní 1989 lórí èyí. Nínú ríbósómù pàápàá, níbi tí a ti ń so amino acid kan mọ́ òmíràn, RNA gan-an ló ń so ó.